Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ètò Ọrọ̀-Ajé Orílẹ̀-Èdè

Sí Igbákejì Ààrẹ tí í ṣe Alága Ìgbìmọ̀, sí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gbogbo, àti sí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìpinnu méjì ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ jáwọ́ nínú dídá iye náírà, ó ní kí ẹni tó ń ta dọ́là àti ẹni tó ń rà á máa dúnàá-dúrà láàárín ara wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iye epo àti iye dọ́là, méjèèjì tó wà nídìí gbogbo ohun tí a ń tà tí a ń rà, fi bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Láti ìgbà náà, èsì kan náà ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀: pé kò sí ọ̀nà mìíràn, pé ọ̀nà yìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó kúrò lábẹ́ iye owó àfàṣẹdá gbà, pé ìrora rẹ̀ kì í pẹ́.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, láti Pólándì dé Ṣáínà, jẹ́rìí sí i, mo sì fẹ́ tẹ́ ìtàn náà síwájú yín. Ìwé Òfin ọdún 1999 ló yan Ìgbìmọ̀ yín láti máa gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ajé, àti láti rí i pé ètò ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ bára mu. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e, ẹ̀yin ni.

N kò kọ̀wé yìí láti gbèjà owó ìrànwọ́ náà. Owó gọbọi ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, àwọn onífàyàwọ́ tó ń gbé epo gba ẹnubodè sì jẹ nínú rẹ̀ ju ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Tákíé lọ. Ohun tí mo ń bá yín sọ ni bí a ṣe tò ó: kí ni a pèsè sílẹ̀ kí a tó ṣe é, kí ni a kò pèsè, ta ni ó sì ń san gbèsè ohun tí a kò pèsè náà.

1. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú òyìnbó nìkan.

Òótọ́ ni pé Nàìjíríà kò fìgbà kan jẹ́ orílẹ̀-èdè Kọ́múníìsì, níbi tí ìjọba ti ni ilé-iṣẹ́ tí ó sì ń dá iye ọjà, bí Pólándì ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, a ti gbé lábẹ́ iye owó tí ìjọba ń dá ju bí a ṣe máa ń rántí lọ. Láti ọdún 1947 ni ìjọba amúnisìn ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló ń pinnu iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, iye yẹn sì máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì di owó ìjọba. Lára owó yẹn ni a ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a sì la ọ̀nà ní Ìwọ̀-Oòrùn, a kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tó ń kan àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò tó nǹkan mọ́, tí owó-orí sì ń le sí i, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 bẹ́ sílẹ̀. Ogbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tó ná wa: ọba tó wà lórí ìtẹ́ Ṣọ̀ún nígbà náà bá rògbòdìyàn owó-orí ọdún 1969 lọ. Ìlú tó ti rí irú èyí kì í fi ojú kékeré wo iye owó tí wọ́n jókòó síbì kan dá fún un, yálà ìjọba ló dá a ni o tàbí ọjà.

Ní ọdún 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, ìjọba tú ìgbìmọ̀ kòkó ká. Owó tó ń wọlé fún àgbẹ̀ ga sí i lóòótọ́, ìyẹn sì dára. Àmọ́ kò sí ohun tó dúró ṣinṣin tó rọ́pò àwọn tó ń yẹ kòkó wò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn oníṣòwò tí kò mọ kòkó rárá rọ́ wọ inú òwò náà torí àtirí dọ́là. Kòkó tí kò gbẹ àti èyí tó ti bu bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè òkun, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lọ́jà àgbáyé. Bí a ṣe yọ ọwọ́ ìjọba kúrò láìfi ohunkóhun dí àyè rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ ṣáájú ọdún 2023, kò sì yẹ kí a ti gbàgbé rẹ̀.

2. Pólándì kò ṣe é bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1990, ètò tí Leszek Balcerowicz, mínísítà ìṣúná Pólándì, gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan náà ni ìjọba jáwọ́ nínú iye ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà, tí wọ́n dín iye owó ilẹ̀ wọn kù, tí wọ́n sì ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún ọjà òkèèrè. Nínú oṣù kan ṣoṣo yẹn, iye ọjà fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ọdún méjì gbáko ni ọrọ̀-ajé wọn fi ń rẹ̀yìn, àmọ́ ní ọdún 1992 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ṣáájú àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ti wà lábẹ́ àkóso Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba Kọ́múníìsì tí Rọ́ṣíà ṣe olórí rẹ̀. Ìtọ́jú ojijì ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀nà yìí, Jeffrey Sachs, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, sì wà lára àwọn tó gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tó ń fi Pólándì ṣe àpẹẹrẹ fún wa ti máa ń dákẹ́.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìjọba Kọ́múníìsì Pólándì kò rí ilẹ̀ oko gbà tán lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ oko ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé nígbà tí àtúnṣe dé. Nígbà tí owó oúnjẹ ga, ẹni tó ní oko wà nílé tó lè gbé oúnjẹ wá sọ́jà. Wọn kì í sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, ó ku ọdún kan kí wọ́n tó jáwọ́ nínú iye owó, òfin kan ti fún gbogbo aráàlú láyè láti dá òwò tó bá wù wọ́n sílẹ̀, débi pé nígbà tí àsìkò tó, àwọn tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ títì àti nínú búùtù ọkọ̀ kún gbogbo ìlú fọ́fọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa Jacek Kuroń, mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nínú ìjọba kan náà. Òfin tó fún ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó ìtìlẹ́yìn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí iye owó bọ́. Àwọn aráàlú fi orúkọ Kuroń pe owó náà títí di òní. Àwọn ìjọba òkèèrè kó bílíọ̀nù dọ́là kan kalẹ̀ láti fi ti owó ilẹ̀ wọn lẹ́yìn, nígbà tó sì di ọdún 1991, àwọn ìjọba tí Pólándì jẹ ní gbèsè gbà láti fagi lé ìdajì rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé Pólándì, tó yára lórí iye owó, kò yára rárá lórí títa àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọdún 1995 ni wọ́n tó kó ilé-iṣẹ́ 512 pọ̀ sábẹ́ àpò ìdókòwò 15 kí gbogbo aráàlú lè ní ìpín nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Pólándì fi hàn pé eré sísá ló dára, ìdajì ìtàn ló sọ. Pẹ̀lú gbogbo ìpèsè yìí náà, ìyà jẹ àwọn èèyàn: àwọn tí kò níṣẹ́ ju ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, àwọn olùdìbò sì gbé àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tẹ́lẹ̀ padà sórí àlééfà ní ọdún 1993. Grzegorz Kołodko, tó di mínísítà ìṣúná ní ọdún 1994, ta ko ọ̀nà Balcerowicz ní gbangba, ó ní ojijì náà pọ̀ ju ìtọ́jú lọ. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì kò tíì parí ní ilẹ̀ wọn. Kí ló dé tí tiwa fi parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀?

3. Rọ́ṣíà ni ibi tí a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpèsè kò sí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1992, ìjọba tí Yegor Gaidar ń darí ètò ọrọ̀-ajé rẹ̀ ṣe bí ti Pólándì. Láàárín oṣù yẹn nìkan, iye ọjà di ìlọ́po mẹ́ta àti àbọ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti tó ìlọ́po 26. Owó tí àwọn arúgbó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kó sí báńkì ìjọba kò lè ra ohun tó ní láárí mọ́. Kí a má ṣègbè, Gaidar ní ohun tó lè sọ: ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti tú ká mọ́ wọn lọ́wọ́, orí àtẹ ilé-ìtajà sì ti ṣófo. Ṣùgbọ́n oko ṣì wà lábẹ́ àjùmọ̀ní, ilé-ìtajà ṣì jẹ́ ti ìjọba, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń lò. Àṣẹ tó gba aráàlú láyè láti máa tajà níbi tó bá wù wọ́n kò jáde títí di ìparí oṣù Kìíní náà, lẹ́yìn tí iye owó ti fò tán. Iye owó tó ga yẹ kó pe ọlọ́jà tuntun wọlé. Ní Rọ́ṣíà, ọlọ́jà tuntun kò rí ẹnu ọ̀nà.

Títa ohun-ìní ìjọba ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1992, lábẹ́ Anatoly Chubais tó ń darí iṣẹ́ náà, wọ́n pín ìwé tí èèyàn lè fi gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, 10,000 rúbù ni wọ́n kọ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ebi ń pa ta tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀, àwọn tó lówó lọ́wọ́ sì ń kó o jọ. Ní ọdún 1995, ìjọba tó ń wá owó yá owó lọ́wọ́ àwọn báńkì kan, ó sì fi ìpín tó ní nínú àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti irin olówó iyebíye dúró fún un. Nígbà tí ìjọba kò san owó náà padà, ìpín yẹn di ti àwọn tó yá a lówó, nípasẹ̀ gbàǹjo tí báńkì tó fẹ́ rà á fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ olùdarí rẹ̀. Bí àwọn olówó tuntun Rọ́ṣíà ṣe dìde nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ìjọba kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láti ọdún 1991. Iye ọdún tí wọ́n ń retí kí ọkùnrin lò láyé, tó tó nǹkan bí ọdún 64 ní ọdún 1990, ti wálẹ̀ sí ohun tí kò pé 58 ní ọdún 1994. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ohun tó fà á, bóyá ọtí ni tàbí àìníṣẹ́ tàbí ilé-ìwòsàn tó dẹnu kọlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó sẹ́ pé òkú náà pọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, a ní ìdí láti wo èyí dáadáa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná mànàmáná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tà, 40 ṣì jẹ́ ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn títà náà, mílíọ̀nù àwọn oníbàárà ni kò ní mítà, tí wọ́n ń san iye tí ẹlòmíràn fojú díwọ̀n fún wọn, ìlà agbára tó gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè sì ń wó lulẹ̀ léraléra. A ta ohun-ìní náà kí a tó ní mítà, kí a tó ní gáàsì tó tó, àti kí àjọ tó ń ṣe àbójútó tó ní agbára láti fìyà jẹ ẹni tó bá ṣẹ̀.

4. Ṣáínà àti Fiẹtnám bẹ̀rẹ̀ láti oko.

Ní ìparí ọdún 1978, ní abúlé Xiaogang ní ẹkùn Anhui, àwọn àgbẹ̀ 18 tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn ìkọ̀kọ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ àjùmọ̀ní fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù san ohun tí ìjọba ń gbà, kó sì mú ìyókù fún ara rẹ̀. Ó lòdì sí òfin débi pé wọ́n ṣèlérí láti tọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú lára àwọn. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà ni Deng Xiaoping, aṣáájú Ṣáínà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, wọn kò sì fìyà jẹ àwọn àgbẹ̀ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, kó tó di àárín àwọn ọdún 1980, ohun tí wọ́n ṣe ti di ètò gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Oúnjẹ pọ̀. Owó wọ ìgbèríko. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ti ìlú àti abúlé sì rú jáde láti inú owó yẹn.

Lẹ́yìn oko ni wọ́n tó kan ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọ̀nà oníhà méjì ni wọ́n sì gbà. Ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ta iye tí ètò ìjọba béèrè ní iye owó ìjọba; ohun tó bá ṣe lé e lórí, iye tí ọjà bá dá ni yóò tà á. Báyìí ni kò fi sẹ́ni tó pàdánù ohun tó ní tẹ́lẹ̀ lójijì, tí apá ti ọjà sì ń dàgbà títí ó fi bo apá ti ìjọba mọ́lẹ̀. N kò sọ pé ó mọ́ tónítóní. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lójú lẹ́yìn ń ra ọjà ní iye ìjọba, wọ́n ń tà á ní iye ọjà, ìbínú tí èyí fà sì wà lára ohun tó gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọdún 1989, tí ìjọba fi ìbọn dá lóhùn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ kó fẹ́ ìyẹn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, ìyẹn ni pé ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti jáwọ́ nínú iye owó lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn èèyàn rọ́ lọ sí ilé-ìtajà láti kó ọjà pamọ́, tí ọ̀wọ́n-gógó sì wọ nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba dá a dúró. Wọn kò sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sachs àti àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní èsì sí èyí, èsì náà sì lágbára. Wọ́n ní Ṣáínà lè lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wà lóko ní ọdún 1978, tí wọn kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Rọ́ṣíà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń pàdánù owó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: nínú méjèèjì, ta ni a jọ? Ẹ wo àwọn tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti àgbègbè rẹ̀: àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, àgbẹ̀ káṣú àti máńgòrò, alájàpá, télọ̀, mẹkáníìkì, ọlọ́kadà. Díẹ̀ ló ń gba owó oṣù ìjọba. Èsì Sachs fúnra rẹ̀ sọ pé oko ló yẹ kí àwa ti bẹ̀rẹ̀.

Fiẹtnám ló parí ìjiyàn náà fún mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀ kéde àtúnṣe tí wọ́n pè ní Đổi Mới, nígbà tí ọ̀wọ́n-gógó ọdọọdún ti ju ìdá 700 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọn kò fọwọ́ kan gbogbo iye owó lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1988, wọ́n fún ìdílé àgbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lo ilẹ̀ fúnra wọn fún ọdún gbọọrọ. Ọdún kejì rẹ̀, 1989, ni wọ́n wá yára bíi Pólándì: wọ́n jáwọ́ nínú iye ọ̀pọ̀ ọjà, wọ́n jẹ́ kí owó ilẹ̀ wọn wálẹ̀, wọ́n sì gbé èlé báńkì ga ju ọ̀wọ́n-gógó lọ kí èèyàn lè rí èrè nínú fífi owó pamọ́. Ọdún yẹn kan náà ni orílẹ̀-èdè tó ń ra ìrẹsì lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì tó ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ fún ayé. Àwọn kan ní ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ ni Fiẹtnám gbà, àwọn kan ní ojijì ni. Ó ṣe méjèèjì. Ohun tí kò ṣe ni kí ó mú oúnjẹ wọ́n kí ó tó fún àgbẹ̀ ní agbára láti pèsè rẹ̀.

5. Àwọn ará wa ní ìwọ̀-oòrùn ẹnubodè kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́.

Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ìjọba Mathieu Kérékou sì fi ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin, ìyẹn ẹ̀kọ́ Kọ́múníìsì, darí wọn láti ọdún 1974. Nígbà tó di ọdún 1989, àwọn báńkì ti wó, olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà. Ìjọba kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ní oṣù Kejì ọdún 1990 sì ni wọ́n pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Cotonou, níbi tí àgbẹ̀, olùkọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ti ní ohùn, tí wọ́n sì ti yan Nicéphore Soglo láti darí ìjọba fìdí-hẹẹ́. Àtúnṣe tó tẹ̀lé e le, pàápàá nígbà tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì ní oṣù Kìíní ọdún 1994. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ohùn aráàlú ná.

6. Bí tiwa ṣe lọ.

Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ òpó ilé a kọ́kọ́ fi igi mìíràn gbé àjà dúró. Ẹ wo bí a ṣe tò ó. Kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo tí kò tó ₦200 ti wọ ₦480 sókè. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ju ₦1,000 lọ. Dọ́là tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦470 ju ₦1,500 lọ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ìṣirò NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, fi hàn pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, oúnjẹ fi ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Kí ni a ti pèsè? Ní oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí iye epo ti fò, Ìgbìmọ̀ yín fúnra yín ló jókòó tó ní ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba àpapọ̀ ní lọ́wọ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe tirẹ̀. Òtítọ́ ni ẹ sọ, mo sì yìn yín fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbà pé irú ìpèsè tí Pólándì ti ṣòfin rẹ̀ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ni àwa ń wá lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n kéde ₦5 bílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra oúnjẹ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni gbèsè tí ìpínlẹ̀ yóò san padà. Owó oṣù tó kéré jù lọ wà ní ₦30,000 títí di ìparí oṣù Keje ọdún 2024 kí ó tó di ₦70,000, ìyẹn oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìkéde. Ilé ìfọpo Dangote kò tíì máa ṣe bẹntiróò. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́, tí ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà láti òkè wá sí Ìbàdàn, wà lára ohun tí a ti ń retí ìparí rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ló tẹ̀yìn dé.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣeé dá padà, èmi kò sì béèrè pé kí a padà sí iye owó àfàṣẹdá. Àwọn àtúnṣe mìíràn ń bọ̀, lórí iná, lórí owó-orí, lórí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó kù. Nítorí ìwọ̀nyí ni mo ṣe ń béèrè, àkọ́kọ́, kí Ìgbìmọ̀ yín tẹ ìwé kan jáde, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè àwọn aráàlú, Yorùbá pẹ̀lú, tí yóò to àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń gbèrò: ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí yóò pèsè rẹ̀, àti àmì tí a ó rí tí a ó fi mọ̀ pé ó yẹ kí a dá a dúró ná, bí Ṣáínà ṣe dá tirẹ̀ dúró ní ọdún 1988.

Ìkejì, kí ìwé orúkọ àwọn aláìní ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan níbi tí aráàdúgbò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ètò ìṣúná kí iye ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ ìjọba tó tún lọ sókè. Ẹ̀bùn ni kí owó náà jẹ́, kì í ṣe gbèsè tí àwọn ọmọ wa yóò san.

Ìkẹta ni oko, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kà sí jù lọ. Ẹ̀yin gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ sí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ni ẹ lè dá àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ oúnjẹ ní gbogbo ojú ọ̀nà dúró. Ọkọ̀ tó kó iṣu àti gàrí láti ìgbèríko Ogbómọ̀ṣọ́ lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kò yẹ kó san owó fún ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, kí owó yẹn tó wá di ti ẹni tó ń jẹun. Èyí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Kí ọ̀nà oko, ajílẹ̀ àti ibi ìkóúnjẹ-pamọ́ tẹ̀lé e, kí a sì parí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìkẹrin, kí ìjọba má ṣe ta ohun-ìní gbogbo ará ìlú kankan mọ́ títí wọn yóò fi tẹ orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á jáde, pẹ̀lú iye tó fẹ́ san, ohun tó ṣèlérí láti ṣe, àti ìyà tí yóò jẹ bí kò bá ṣe é. Kí báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tó bá darí gbàǹjo má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò rà á.

Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ ọ̀kan lára yín. Kí ó tó lọ sí ìpàdé Ìgbìmọ̀ tí a ó ti tún fọwọ́ sí àtúnṣe mìíràn, a ń béèrè pé kí ó wá sí Ogbómọ̀ṣọ́, kí ó pe àwọn àgbẹ̀, àwọn ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn olùkọ́ jọ ní gbangba, kí ó ka ètò náà fún wa ní èdè tí a gbọ́, kí ó sì gbé èsì wa dé Àbújá ní kíkọ.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé tó ti fẹ̀yìn tì,
Ogbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.